Ọ̀nà Inú Géèmù Kò Dé Ilé Bàbá

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà tó pa á lówe kò sọ pé etí lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ pé inú fóònù ló wà. Ojú ni wọ́n wí. Ẹni tó bá mú ojú kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kó máa retí ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí. Kí Ọlọ́run má ṣe wá ní ẹni tí yóò gbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Apòògùn ni ọmọbìnrin tí à ń wí yìí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan tó wà ní kọ́ná títì, níbi tí tábìlì onígíláàsì ti pààlà sáàárín òun àti àwọn oníbàárà. Nílé, Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ ti papò dà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti lọ sílé tiwọn, ó wá ku òun àti bàbá rẹ̀.

Bàbá yìí ló kọ́ ìdajì àdúgbò ní mọ́tò. Olùkọ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bó bá ti jókòó ti ènìyàn nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, á ní òun ti mọ ìwà onítọ̀hún. A máa wí pé, "Ẹni tó bá ń sáré ní kọ́ná, á sáré sọ̀rọ̀ nílé. Ẹni tí kì í bá wo dígí ẹ̀yìn, kì í rántí oore." Láràárọ̀, bí Àbíkẹ́yìn bá ń múra ibi iṣẹ́, bàbá a dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, a sì kì í:

"Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ tó dé tí ilé kún,
Ọmọ tó gbẹ̀yìn wá tó gba iwájú lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n,
Òpó tí mo fẹ̀yìn tì tí kò yẹ̀."

Ọmọ a dáhùn, a sì jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn wá. Ìyẹ̀fun kún etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì na apá ọ̀tún síwájú bí ẹni tó fẹ́ tà á.

"Kí ló ṣe yín lápá?"

"Páánù búrẹ́dì ló fẹnu kò mí."

"Ìfẹnukonu yẹn mà le o. Ẹ jókòó."

Ó bá a fọ ojú egbò náà, ó fún un ní oògùn ìpara, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí omi kàn án. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà tún dé.

"Àbí ó tún ti fẹnu kò yín?"

"Rárá o. Mo wá bèèrè bóyá ẹ ti jẹun ni." Ó gbé búrẹ́dì kan tó ṣì ń gbóná lé orí gíláàsì, gíláàsì sì yọ òógùn.

Ìyá àgbà kan tó ń dúró de oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, gbà á o. Òdòdó ni wọ́n gbé wá fún èmi nígbà tèmi, mi ò sì rí òdòdó jẹ."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Egbò apá jinná, Oníbúrẹ́dì ò jinná nínú wíwá. Nígbà tó yá, Àbíkẹ́yìn ní tó bá jẹ́ pé òótọ́ ló ń ṣe, kó wá bá bàbá òun.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló ṣe alárinà. Onídìrí ni, ẹnu rẹ̀ mú ju àbẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ló mú Oníbúrẹ́dì wọ pálọ̀, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mú ẹnìkan wá. Ó mọ́, ó sì ń ta nǹkan jíjẹ. Kí la tún ń wá?"

Olùkọ́ wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀. Ó pẹ́ kó tó wò ó tán, bí ẹni tó ń kàwé.

"Ìgbà wo lò ń sùn?"

"Ọ̀sán ni, bàbá. Ìdájí là ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Ọkọ tó ń sùn lọ́sàn-án. Bí àlejò bá dé, ta ni yóò gbà á, ìrọ̀rí?"

Onídìrí fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jábọ́.

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Gbọ́, ọmọkùnrin. Ẹnìkan ti sáré wá sílé yìí rí, ó sáré tọrọ ọmọ mi, ó sì sáré padà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mi sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Mi ò fẹ́ ìsáré mọ́. Ọdún kan ni mo fún yín. Ẹ má fojú kan ara yín fún ọdún kan. Bí ìfẹ́ bá ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ká tún ọ̀rọ̀ sọ."

Oníbúrẹ́dì tẹrí ba. "Mo gbọ́, bàbá. Bí ẹ ṣe wí ni."

Ó jáde. Olùkọ́ tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀kùn fi pa dé, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ó gbà kíákíá," ló wí fún àbúrò rẹ̀. "Mo rò pé yóò bẹ̀ mí."

"Ẹ̀yin lẹ ní kó máa lọ!"

"Ọmọ mi ni mo ní kó má wò. Mi ò ní kó má wo èmi. Bó bá fẹ́ ẹ lóòótọ́, yóò máa wá bá mi jókòó níhìn-ín títí màá fi mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sì wá, ìdáhùn mi nìyẹn. Má sọ fún un o. Ìfẹ́ tí a bá fi kọ́ ènìyàn bí ìwé kì í ṣe ìfẹ́."

Onídìrí jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní sọ. Ẹ̀jẹ́ tó dùn ún jù láyé nìyẹn.

Àárò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn méjèèjì bí iná inú ewé gbígbẹ. Àbíkẹ́yìn á bá ara rẹ̀ tó ń wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìgbà tí agogo ilẹ̀kùn bá dún. Oníbúrẹ́dì gbàgbé iyọ̀ nínú odidi àpò ìyẹ̀fun kan. Ká ní wọ́n jẹ́ kí ebi àárò yẹn pa wọ́n ni, ká ní ó pa ọkùnrin náà títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbé e padà sílé Olùkọ́! Ṣùgbọ́n Oníbúrẹ́dì rí ohun mìíràn fi pa ebi.

"Bàbá ní ká má fojú kan ara wa," ló wí lórí fóònù. "Wọn ò ní ká má gbohùn ara wa."

"Ìwọ yìí, agbẹjọ́rò ló yẹ kó o jẹ́."

"Géèmù kan wà. Ẹni méjì ló ń ṣe é. A ó jọ wà nínú mọ́tò kan, a ó sì jọ máa rìnrìn àjò. Ẹnìkan á wakọ̀, ẹnìkejì á máa wo àwòrán ọ̀nà."

"Èmi ni màá wakọ̀. Ọmọ ta ni mí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí Àbíkẹ́yìn bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ki nǹkan ìgbọ́rọ̀ bọ etí, á sì jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ohùn Oníbúrẹ́dì á wọlé sí i létí bíi kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Kọ́ná ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì. Rọra. Rọra! Mo ní rọra, ọmọ Olùkọ́!" Mọ́tò á já sódò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa ro wọ́n. Wọ́n gun òkè tí yìnyín bò, wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n dúró lórí àpáta wo oòrùn tó ń wọ̀, oòrùn tí ẹnikẹ́ni ò rí àfi àwọn. Ibẹ̀ ni Oníbúrẹ́dì ti sọ fún un pé kò sí ẹni tóun tún fẹ́ bá rìn. Ó dùn. Ká má purọ́, ó dùn ju oyin lọ, ìyẹn gan-an ló sì ba nǹkan jẹ́.

Ìgbà mìíràn wà tí ọkàn Àbíkẹ́yìn máa ń gún un. Á wí nínú ara rẹ̀ pé, ọkùnrin yìí kì í bèèrè bàbá mi. Ṣùgbọ́n kó tó rò ó síwájú, ohùn á wọlé sí i létí: "Afárá rèé, tẹ̀ ẹ́!" Á sì tẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ máa ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì náà láti pálọ̀.

"Àbíkẹ́yìn! Ta ló ń wakọ̀ nínú ilé mi?"

"Èmi ni, bàámi. Géèmù ni."

"O pẹ́ kó o tó yí jíà yẹn. Mo gbọ́ ọ. Wá bá mi jókòó."

"Mò ń bọ̀, bàámi. Kò ṣeé dá dúró láàárín ọ̀nà ni."

Nígbà tó bá fi jáde, àga bàbá á ti ṣófo.

Lọ́jọ́ kan, bàbá fúnra rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Jẹ́ n wò ó." Ó gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ó ṣókùnkùn."

"Ọ̀sán gangan ni níbẹ̀, bàámi! Oòrùn ń ràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni? Ó dáa." Ó dá a padà.

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àgbà! Fóònù ò bá yín mu rárá." Ọmọ tó ń ta oògùn ojú fún gbogbo ayé, tó ń kìlọ̀ fún oníbàárà pé ojú kì í pariwo kó tó lọ, òun ló wí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Olùkọ́ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́. "Mo ti wakọ̀ tó," ló wí. Àbíkẹ́yìn ní, "Ó dáa, bàámi, ẹ sinmi," ó sì padà sínú yàrá lọ wakọ̀ tirẹ̀.

Kódà oríkì òwúrọ̀ dá. Àbíkẹ́yìn ti máa ń ki nǹkan ìgbọ́rọ̀ bọ etí láti òwúrọ̀ kùtù, kó lè gbọ́ Oníbúrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tidí ààrò dé. Ó ń rí ètè bàbá rẹ̀ tó ń mì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí sí i, ó sì ń jáde. Nígbà tó yá, ètè náà kò mì mọ́.

Onídìrí, alárinà, kò sinmi ní tirẹ̀. Ó ń ra búrẹ́dì tí kò ní jẹ.

"Ọkọ wa, ìkòkò tí kò bá sún mọ́ iná, ṣé ó máa ń hó?"

"Kì í hó, àǹtí."

"Ẹ̀gbọ́n mi máa ń dá jókòó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ o. Òun nìkan bí òpó iná."

"Ẹ bá mi kí wọn, àǹtí."

"Ẹnu ẹlòmíràn lo fẹ́ fi máa kí àna?"

"Àǹtí, bàbá ló ní ọdún kan. Mi ò fẹ́ ṣe àìgbọràn."

Onídìrí gba búrẹ́dì rẹ̀. "Ìgbọràn tìẹ yìí, yóò pa wá." Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ dì í lẹ́nu, kò lè wí jù bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àǹtí yìí ta Oníbúrẹ́dì lọ́kàn. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó wẹ ìyẹ̀fun kúrò lára, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó sì mú ọ̀nà ilé Olùkọ́ pọ̀n. Ó bá a tó jókòó sí iwájú ilé, ó kọjú sí títì gan-an. Oníbúrẹ́dì dúró ní òdìkejì. Ó juwọ́ sí i. Olùkọ́ ń wo ọ̀kánkán rẹ̀, kò mira. Ó tún juwọ́. Ojú bàbá náà dúró gbọin, bí ojú ẹni tó rí gbèsè tó ń bọ̀.

Ó rí mi, ló wí nínú ara rẹ̀. Ó rí mi, kò sì fẹ́ dáhùn.

Fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ni: "Níbo lo wà? Mo ti tan mọ́tò."

Ká ní ó ya ẹnu ní ìgbà yẹn. Ká ní ó wí pé, "Ẹ kúrọ̀lẹ́, bàbá," bí ọmọ tí a kọ́ ṣe ń kí àgbà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá là á já. Ó yí padà, ó ki nǹkan ìgbọ́rọ̀ bọ etí, ó sì lọ.

Ọdún pé. Onídìrí mú Oníbúrẹ́dì wá lọ́sàn-án, ó gbé ẹ̀bùn dání, aṣọ rẹ̀ gún régé. Àbíkẹ́yìn ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wo ara wọn. Ọkùnrin náà ti rù, ó sì ti ní irùngbọ̀n tí kò sọ fún un rí. Ohùn rẹ̀ ló mọ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ojú àlejò, ìtìjú sì mú àwọn méjèèjì bí ọmọdé.

Olùkọ́ wà lórí àga rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

Oníbúrẹ́dì kí i, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, ó sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Olùkọ́ kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé o ò ní jókòó ni? Èwo ni kéèyàn dúró sí mi lórí bí ọlọ́pàá?"

Kò sí ẹni tó dúró níbẹ̀. Aṣọ òjò ló so kọ́ ara ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àbíkẹ́yìn wo bàbá rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń ra etí tábìlì láti wá ife omi. Ó wo ògiri ọ̀nà yàrá, níbi tí ìdọ̀tí ìka ti fa ìlà gígùn kan láti pálọ̀ dé balùwẹ̀, ìlà tí òun ń rí lójoojúmọ́ tí òun ń sọ pé òun máa nù.

"Bàámi. Ibi fèrèsé ló jókòó sí."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Olùkọ́ yí ojú síbẹ̀, ó sì ṣì í díẹ̀.

"Láti ìgbà wo, bàámi? Láti ìgbà wo?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ọkùnrin yìí tó wá tọrọ rẹ. Dókítà ní etí ojú ló ń kọ́kọ́ kú, kó tó wá sí àárín. Ó ní èyí tó bá ti lọ kò ní padà. Oògùn tí wọ́n fún mi, mi ò rà á lọ́dọ̀ yín, kí o má baà mọ̀." Ó rọra gbé ife náà kalẹ̀. "Ìdí tí mo fi dá ọdún kan nìyẹn. Mo ní kí n fi ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù mọ ẹni tí màá fi ọmọ mi lé lọ́wọ́. Mo ń jókòó síta ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ títí ó fi ṣú. Kò wá."

"Mo wá, bàbá!" Oníbúrẹ́dì ti dìde. "Mo wá lẹ́ẹ̀kan. Mo juwọ́ sí yín láti òdìkejì títì. Ẹ wò mí, ẹ ò dá mi lóhùn. Mo rò pé ẹ kọ̀ mí ni."

Olùkọ́ kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. "O juwọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"O ò lẹ́nu?"

Oníbúrẹ́dì sorí kọ́. Omijé ń bọ́ sórí aṣọ tó gún régé náà.

Onídìrí lu ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá a lẹ́bi tán! Ẹ̀yin pa ojú mọ́, èmi pa ẹnu mọ́, àwọn ọmọ pa ilẹ̀kùn mọ́. Ta ló wá ṣí nǹkan kan nínú gbogbo wa?"

"Òótọ́ lo wí," ni Olùkọ́ dáhùn. "Ìgbéraga ni tèmi. Mo ní a kì í ránṣẹ́ pe ẹni tó fẹ́ ọmọ ẹni." Ó kọjú sí fèrèsé. "Ọmọkùnrin, mi ò tíì sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ohùn."

Àbíkẹ́yìn sìn ín jáde. Wọ́n dúró ní àgbàlá, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

"Gbogbo ọ̀nà tá a rìn yẹn," ni Oníbúrẹ́dì wí.

"Mo mọ gbogbo kọ́ná tó wà níbẹ̀. Bàbá mi ń fi ọwọ́ wá ògiri nínú ilé, mi ò mọ̀. Ó ní kí n wá bá òun jókòó. Mo ní mò ń bọ̀. Ọdún kan gbáko, mò ń bọ̀."

"Èmi ni mo mú géèmù yẹn wá."

"Èmi ni mo ń wakọ̀."

"Ṣé o ń kọ̀ mí ni?"

Ó mi orí. "Mi ò kọ̀ ọ́. Ìfẹ́ rẹ ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ẹrù jáde nínú ilé yìí báyìí. Ojú tí bàbá mi ìbá fi wò mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ti lọ, èmi náà sì wà nílé nígbà tó ń lọ. Má bi mí pé títí di ìgbà wo. Mi ò mọ̀."

Ó wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì nínú ilé. Ó fa àga kan ti ti bàbá rẹ̀, wọ́n sì jókòó. Bàbá kò bá a wí. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Olùkọ́ nìkan ló wà níwájú ilé nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ tó yà kúrò lójú títì.

"Ẹ káàsán, bàbá." Ohùn náà ròkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ igbe.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, bàbá. Oníbúrẹ́dì."

"Àbíkẹ́yìn wà níbi iṣẹ́."

"Mo mọ̀, bàbá. Ẹ̀yin ni mo wá bá."

"Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹnikẹ́ni ò pè mí."

"Àsìkò oorun rẹ rèé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mọ́tò kan kọjá, Olùkọ́ sì fi etí tẹ̀lé e títí ó fi yà ní kọ́ná. Ó ṣe é bíi kó bínú, ó ṣe é bíi kó sunkún. Àwọn nǹkan tí ìbá ti kà lójú ọmọkùnrin yìí láàárín ọdún kan, ẹnu ni wọn yóò máa gbà wọlé sí i báyìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò sì mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Jókòó," ló wí. "Sọ irú ẹni tí ìyá rẹ jẹ́ fún mi."